Ẹni Tó Kù fún Kòṣá

"Kò sí Kòṣá lára ọkọ̀ yìí," ni atọ́wò, ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ Rẹ̀mílẹ́kún, wí. Ohùn rẹ̀ kò le, bẹ́ẹ̀ ni kò rọ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún nu òógùn ojú rẹ̀, ó sì tún gbé ẹnu ẹ̀rọ kékeré náà lé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọkọ̀, lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn, níbi tí ọwọ́ ènìyàn kì í sábà dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òfin ní kí wọ́n tọ́ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó pe ẹni tó ni ín ní elékèé. Atọ́wò lá ara irin náà bí ajá ṣe ń lá ọwọ́, ó ní, "Kò sí Kòṣá lára ọkọ̀ yìí. Ọ̀dà tuntun ni. Ọdún méjì."

Láníhùn, ọkùnrin tó ni ọkọ̀ náà, dúró síbẹ̀ nínú ẹ̀wù ìpolówó tí wọ́n pín nígbà ayé Kòṣá. Wọ́n kọ orúkọ ọjà náà gàdàgbà sí i láyà nígbà kan. "Kò" ti bó dànù. "Ṣá" nìkan ló kù.

"Ìyá, mo lò ó," ó ní. "Mo búra pé mo lò ó."

"Ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn?"

Ó wo ilẹ̀. "Kí ìyàwó mi tó kú."

"Ó ti tó ọdún mélòó?"

"Ó ń lọ sí ọdún mẹ́sàn-án."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò yọwọ́ kí n tó gbé ẹ̀rọ lé e? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín, Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn. Mo ní, ṣé ẹ fẹ́ yọwọ́?"

"Mo rò pé bóyá ó ṣì kù díẹ̀ lára rẹ̀."

Rẹ̀mílẹ́kún kò bínú sí i. Kò tilẹ̀ ní agbára ìbínú. Ó tẹ wàláà ọwọ́ rẹ̀, dígí pẹlẹbẹ tí ohùn ọkùnrin náà ti wọ̀ ṣáájú, ó sì mọ̀ pé kí Láníhùn tó padà wọ yàrá rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á ti máa tàn lójú pátákó oríta Òtu. Ọdún méje gbáko ni ẹnikẹ́ni kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́. Kò ní lè jẹ́rìí sí ilẹ̀, kò ní lè dúró ẹlẹ́rìí níbi ìgbéyàwó. Bí ó bá wà ní ilé ìwòsàn, ẹlòmíràn ni yóò sọ ibi tó ń dùn ún.

Ó wọ inú ọkọ̀ ìjọba tó gbé e wá, ó bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú.

"Níbo?" ni ọkọ̀ bi í.

"Òkèihò."

"Agogo òjò ní òjò yóò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́."

"Mo gbọ́. Máa lọ."

Ọjọ́ kọkànlá rèé tó ti wà lẹ́nu ìrìn àjò yìí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, ó sì ti tó ogún ọdún tó ti ń ka ẹlẹ́rìí fún Ilé Ìjẹ́rìí. Ó ti ka ẹlẹ́rìí ọṣẹ, ó ti ka ti ajílẹ̀, ó ti ka ti oríṣi bíà kan tí gbogbo àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ti dàgbà débi pé dókítà ò jẹ́ kí wọ́n mu ún mọ́. Kò sí èyí tó rẹ̀ ẹ́ tó ti Kòṣá.

Ó rántí ìgbà tí Kòṣá jáde, bí gbogbo ẹni tó bá ti tó ogójì ọdún ṣe rántí rẹ̀. Òjò kíkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Òjò mẹ́ta, ọ̀dà ọkọ̀ á ti máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, ojú ọ̀nà kò sì ní gba ọkọ̀ tí irin rẹ̀ bá hàn láàyè kó kọjá. Á kàn dá a dúró ni, á sì máa hu bí ajá lábẹ́ rẹ̀ títí wọn á fi wá wọ́ ọ kúrò. Nígbà náà ni ilé iṣẹ́ kan ní Ìsẹ́yìn gbé agolo dúdú kan jáde. O da á sórí aṣọ, o fi pa ara ọkọ̀, òjò á bọ́ lé e, á yọ̀ dànù bí omi lójú ewé kókò. Àwọn ènìyàn tò fún un láti ìdájí. Wọ́n kọrin rẹ̀ níbi ìsìnkú. Aládùúgbò Rẹ̀mílẹ́kún kan sọ ajá rẹ̀ ní Kòṣá.

Lẹ́yìn náà ni Ìgbín, ìpara ọkọ̀ mìíràn, dé, èyí tó ń rán ara rẹ̀ bí ojú egbò, ariwo Kòṣá sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Ìsẹ́yìn kò sinmi. Ó ń mu omi ìdídò, omi odò tí wọ́n dí fún ìlú, bí ìlú méjì ṣe ń mu ún, omi ìdídò sì ń fà lọ́dọọdún. Ìdí nìyí tí Ilé Ìjẹ́rìí fi ń béèrè ní ọdún méje méje pé: ta ló ṣì ń lò ó? Ogójì ènìyàn tó wà láàyè, pẹ̀lú ogójì ọkọ̀ tó jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Bí wọ́n bá pé, ilé iṣẹ́ á mu omi fún ọdún méje sí i. Bí wọn kò bá pé, wọn á ti omi pa lọ́jọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó kù níbẹ̀ á sì kó ẹrù wọn.

Mọ́kàndínlógójì ni Rẹ̀mílẹ́kún ti rí. Kí ó tó rí wọn, ilẹ̀kùn tó kàn lé ní igba. Ibi tó bá dé, wọ́n á fò dìde. "Kòṣá! Háà, ta ni kò mọ Kòṣá!" Wọ́n á gbé agolo wá, wọ́n á gbé àwòrán wá, àwọn mìíràn á sunkún. Tó bá wá gbé atọ́wò síta, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Ẹnu wọn ṣì ń lò ó. Ọwọ́ wọn ti fi í sílẹ̀ tipẹ́.

Orúkọ kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé rẹ̀. Ọ̀jẹ́wùmí, Òkèihò, abẹ́ òkè.

* * *

Kò sí ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀. "Bàbá Kòṣá lẹ ń wá?" ni obìnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ omi ìpín bi í, ó sì nawọ́ sí ọ̀nà kan tó gùn dé ìdí àpáta. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run kan wà lábẹ́ àtíbàbà páànù, tó ń dán débi pé Rẹ̀mílẹ́kún rí ojú ara rẹ̀ lára rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán, ó sì rí i bí àárẹ̀ ṣe pọ̀ tó lójú náà.

Bàbá kan dìde lórí àga. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, ó wọ agbádá funfun, ó sì ti gẹ irun rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, ìyá. Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé o. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń wọ ẹ̀wù yìí dè yín."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọ̀nà ló jìn."

"Ọ̀nà kì í jìn fún mi nígbà tèmi." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa tírélà láti Ìlọrin dé Kánò. Kí wọ́n tó kọ́ ọkọ̀ bí yóò ṣe máa wa ara rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ẹniìtàn! Bu omi wá fún àlejò!"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà bí ẹni fọwọ́ lé orí ọmọ.

"Ẹ wò ó, ìyá. Wọ́n gba sítíárì lọ́wọ́ mi. Wọ́n gba jíà, wọ́n gba bíréèkì. Báyìí, bí mo bá fẹ́ lọ sọ́jà, màá kàn jókòó ni, á gbé mi lọ bí ẹni pọn ọmọ. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ara rẹ̀ nìkan ló ṣì ń fẹ́ ọwọ́ mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò gbogbo ọdún, màá gbé agolo mi, màá pa á láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fọwọ́ kàn án. Bí ọwọ́ mi bá ṣì lè pa á kó dán báyìí, ṣé mo ti di arúgbó nìyẹn?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ẹ gbé nǹkan yín jáde. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí mi."

Ẹniìtàn, ọmọ rẹ̀, ló gbé omi dé. Obìnrin bí ẹni ogójì ọdún ni, ojú rẹ̀ jọ ti baba rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè wo àlejò lójú. Bó ti kúnlẹ̀, omi dà sí i lọ́wọ́. Omi ìpín sì rèé. Ẹnikẹ́ni kì í dà á nù lásán.

"Màmá, ẹsẹ̀ yín ti wú," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ẹ̀yìnkùlé, kí n fi ìpara díẹ̀ ra á fún yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀."

"Ọmọ dáadáa," ni baba rẹ̀ wí. "Ẹ tẹ̀lé e, ìyá. Èmi ò sá lọ."

* * *

Ìpara wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ẹniìtàn kò ṣí i. Bí wọ́n ṣe yí ẹ̀yìn ògiri tán ló wólẹ̀.

"Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má tọ́ ọkọ̀ yẹn wò."

Rẹ̀mílẹ́kún jókòó sórí òkúta. Ó ti mọ irú ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́. "Sọ fún mi."

"Kì í ṣe Kòṣá ló wà lára rẹ̀. Ìgbín ni."

"Ó parọ́ ni?"

"Kò parọ́! Kò mọ̀. Èmi ni." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Kòṣá yí padà, Màmá. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. N kò mọ ohun tí wọ́n bù là á. Bàbá pa á sára ọkọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, òjò kan péré rọ̀, ọkọ̀ náà funfun báláú bí ẹsẹ̀ ọmọ lákòókò ọyẹ́. Ó jókòó tì í fún ọjọ́ méjì. Kò jẹun. Mo ní, 'Bàbá, ọjà wọn ló bàjẹ́.' Ó ní rárá, Kòṣá kì í bàjẹ́, ọwọ́ òun ni kò lágbára mọ́. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ báyìí, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ṣubú lulẹ̀. Oṣù kan ló lò ní ilé ìwòsàn ní Ṣakí."

"O wá tún ọkọ̀ kùn."

"Mo tún un kùn, mo sì da Ìgbín sínú agolo rẹ̀. Nígbà tó dé, mo ní mo kàn fọ̀ ọ́ ni. Ó tún pa á. Ó dán. Màmá, ẹ ò rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, 'Ẹniìtàn, ṣé o rí i? Ọwọ́ mi ṣì dára.' Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un lẹ́yìn ìyẹn? Lọ́dọọdún, bó bá ti ń sun oorun ọ̀sán, màá da nǹkan sínú agolo yẹn."

Láti iwájú ilé, wọ́n ń gbọ́ tí bàbá náà ń fi aṣọ gbá ara ọkọ̀ pẹ́pẹ́, tó ń mú un wà ní ìmúrasílẹ̀.

"Ọmọ mi obìnrin yóò ṣe ìgbéyàwó ní oṣù mẹ́ta òní," ni Ẹniìtàn wí. "Bàbá ló fẹ́ dúró ẹlẹ́rìí fún un. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní elékèé, ìtìjú yẹn á pa á. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ní ẹ̀rọ yín bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ náà á yè, àwọn tó wà níbẹ̀ á máa jẹun. Ta ni ìyẹn máa pa lára?"

Rẹ̀mílẹ́kún mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Òfin fi àlàfo kan sílẹ̀: bí atọ́wò bá kọ iṣẹ́, òǹkà, ẹni tó ń ka ẹlẹ́rìí bíi tirẹ̀, lè fi ẹnu ara rẹ̀ dípò. Kò ṣe é rí ní ogún ọdún. Wọ́n kò sì ní bi í. Ogójì á pé. Á lọ sílé, á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, á sùn fún odidi ọjọ́ kan. Ó ronú kan èyí ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí oorun náà ló dùn jù lójú rẹ̀, ó sì tijú.

Ṣùgbọ́n ó tún ronú kan Òtu tó ti ń bọ̀. Ọjọ́ méjì péré nínú ọ̀sẹ̀ ni omi ń yọ níbẹ̀. Ọdún méje. Kí agolo kan tó ń sọ ọkọ̀ ènìyàn di funfun lè máa jáde.

"N kò lè kọ ọ́, Ẹniìtàn."

"Ẹ jẹ́ kó yọwọ́, nígbà náà! Ẹ sọ fún un kó yọwọ́!"

"Màá gbìyànjú. Kì í ṣe ẹni tó jọ ẹni tó ń yọwọ́ lójú mi."

* * *

"Kí n yọ kí ni?" ni Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí bi í.

"Òfin gbà yín láàyè, Bàbá. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ẹni tó bá yọwọ́ kí ẹ̀rọ tó kan ọkọ̀ rẹ̀, a ò ní kọ nǹkan kan sí i lọ́rùn."

"Nítorí kí ni màá fi yọwọ́? Ẹ̀yin lẹ rin ìrìn àjò tó báyìí láti wá mi, ẹ wá ní kí n yọwọ́? Ṣé ojú elékèé lẹ fi ń wò mí ni?" Ohùn rẹ̀ ti ń ga. "Ní Òkèihò yìí, ẹ bi wọ́n léèrè! Gbé dígí yẹn wá. Èmi, Ọ̀jẹ́wùmí, ọmọ Àlàó—"

Rẹ̀mílẹ́kún da ojú wàláà délẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lójú òfin, ẹ̀ṣẹ̀ ni ìyẹn pẹ̀lú: òǹkà kò gbọdọ̀ dí ẹlẹ́rìí lẹ́nu.

"Bàbá, ẹ dúró ná. Ẹniìtàn ní ọ̀rọ̀ kan fún yín." Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ohun tí ọmọ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún baba sàn ju èyí tí ẹ̀rọ bá ké síta lọ. Sọ ọ́."

Ẹniìtàn kúnlẹ̀ sínú eruku, ó sì sọ ọ́. Kò bo nǹkan kan. Ó sọ nípa ọ̀dà tuntun, ó sọ nípa oorun ọ̀sán. Bàbá náà ń gbọ́, ojú rẹ̀ kò yí padà rárá. Ó dà bí ẹni tó ń dúró kí ọkọ̀ gígùn kan kọjá lójú ọ̀nà kó tó sọdá. Nígbà tí Ẹniìtàn sọ ọ́ tán, bàbá náà dìde, ó gbé agolo rẹ̀ lórí fèrèsé, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ìgbín," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ̀ẹ̀mẹjọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọwọ́ mi ló sì pa á?"

"Ọwọ́ yín ni, Bàbá. Kò sẹ́ni tó bá yín fọwọ́ kàn án."

"Èyí tó funfun lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ọwọ́ mi kọ́ ló bà á jẹ́?"

"Ọwọ́ yín kọ́ rárá."

Ó jókòó padà. Rẹ̀mílẹ́kún rò pé ìtura ni, títí bàbá náà fi yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"O rí mi bí mo ṣe ń wo ọwọ́ mi," ó wí jẹ́jẹ́. "O sì jẹ́ kí n máa wò ó fún ọdún mẹ́jọ. Kò sí ọdún tí ẹ̀rù kì í bà mí kí n tó ṣí agolo yìí, pé bóyá ti ọdún yìí ló máa tún funfun." Ó mí kanlẹ̀. "Àwọn ará Òkèihò ńkọ́? Mo ń pè wọ́n wá wo ọkọ̀ yìí. Mo ń sọ fún wọn pé, ẹ padà sídìí Kòṣá, ẹ wo tèmi. Àwọn kan padà nítorí ẹnu mi. Ọkọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì di funfun, ó wá bá mi, mo ní kò mọ̀ ọ́n pa ni. Mo bú obìnrin yẹn, Ẹniìtàn. Níwájú àwọn ọmọ rẹ̀."

Ẹniìtàn kàn ń sunkún.

Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí na ọwọ́ sí Rẹ̀mílẹ́kún. "Ẹ gbé e wá."

Ó sọ̀rọ̀ sínú wàláà, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà. "Èmi, Ọ̀jẹ́wùmí, ọmọ Àlàó, mo yọwọ́ nínú ẹ̀rí Kòṣá."

"Ẹlẹ́rìí ti yọwọ́," ni wàláà wí. "Mọ́kàndínlógójì. Ìwé ti tán."

Bó ṣe parí nìyẹn. Rẹ̀mílẹ́kún rò pé òun á mọ nǹkan kan lára, ẹkún tàbí ìsinmi. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nìkan ló mọ̀. Ó ku iṣẹ́ kan: òfin ní kí òǹkà lọ sí ẹnu géètì ilé iṣẹ́ tí kò bá pé, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn kí wọ́n tó ti omi wọn.

"Ta ni yóò sọ fún wọn ní Ìsẹ́yìn?" ni bàbá náà bi í, àfi bí ẹni pé ó gbọ́ ohun tó ń rò.

"Èmi ni, Bàbá. Nísinsìnyí ni mò ń lọ."

"Màá tẹ̀lé yín."

"Kò kàn yín mọ́, Bàbá. Òjò ń bọ̀."

"Ó kàn mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi polówó wọn, wọn ò sì bẹ̀ mí. Bó bá jẹ́ pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń bù là á, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn wọn. Bí wọ́n bá sì mọ̀, mo fẹ́ rí ojú wọn." Ó ti ń kó agbádá rẹ̀ sí èjìká. "Ọkọ̀ mi ni màá gbé lọ. Ẹ máa ṣáájú."

Agogo òjò lù lórí òkè, ẹ̀ẹ̀mẹta, gbogbo ará àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ wọlé. Àwọsánmà ti pọ́n bí irin tó dípẹtà láti ìhà Ṣakí. Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí wọ iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ẹniìtàn ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ lójú agbo ilé, kò dìde. Ó dà bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun ṣì ní ẹ̀tọ́ láti wọlé tàbí láti jáde.

Rẹ̀mílẹ́kún ti fẹ́ pè é wá sínú ọkọ̀ tirẹ̀. Ó ti ya ẹnu.

Ọkọ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó sì dúró. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Bàbá náà kò bojú wẹ̀yìn.

"Wọlé," ó ní.

"Bàbá, mo—"

"Mo ní kí o wọlé. Òjò yìí kò mọ ẹni tó parọ́."